Àyẹ̀wò ọkàn ní Abẹ́òkúta: èwo ni kí ẹ fowó yín ṣe, èwo ló lè dúró?

Ẹni tó bá wọ lábù lónìí tó ní òun fẹ́ yẹ ọkàn òun wò, oríṣiríṣi ni wọn yóò tẹ́ síwájú rẹ̀: ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ṣúgà, kọlẹ́sítérọ́ọ̀lù (ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀), ECG (ìwé tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù), ẹ́kò (àwòrán ọkàn), àti àpapọ̀ olówó gọbọi tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Àmọ́ owó kì í tó, àyẹ̀wò tí kò sì bá àrùn tó ń ṣe ará ìlú mu, owó ìdánù ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tó ń ba ọkàn jẹ́ níbí. Láàárín 2009 sí 2010, àwọn dókítà ní Federal Medical Centre tó wà ní Ìdí-Àbà ṣe àkọsílẹ̀ aláìsàn 452 tí ọkàn wọn kò lágbára mọ́ láti gbé ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2014. Nínú ọgọ́rùn-ún, 78.5 ló jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ba ọkàn wọn jẹ́. Àwọn tó jẹ́ pé òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọkàn ló dí, 0.4 péré ni. A lè jiyàn pé àyẹ̀wò tó ń fi òpó dídí hàn kò wọ́pọ̀, pé nọ́ńbà yẹn lè kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Bí a tiẹ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, ẹ̀jẹ̀ ríru ṣì ni ọ̀gá. Ìwádìí SIREN lórí rọpárọsẹ̀, tí Abẹ́òkúta wà lára àwọn ìlú tí wọ́n ti ṣe é ní Nàìjíríà àti Gánà, fi ẹni 2,118 tó ní in wé ẹni 2,118 tí kò ní in. Nígbà tó jáde ní 2018, ohun mọ́kànlá ló tọ́ka sí, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ló ṣáájú gbogbo wọn. Àìkìí jẹ ẹ̀fọ́ wà níbẹ̀, bíbu iyọ̀ sórí oúnjẹ tó ti jinná náà wà níbẹ̀.

Nítorí náà, èrò tiwa kò ní àbòsí nínú: náírà àkọ́kọ́ yín, ẹ̀rọ ìwọ̀n ìfúnpá ni kó bá lọ, kì í ṣe ECG.

Ẹ̀rọ apá, ẹ̀rọ ọrùn ọwọ́, ẹ̀rọ olójú aago

| Ẹ̀rọ | Ibi tó dára sí | Ibi tó ti ń yẹ̀ |
|---|---|---|
| Aládàáṣe ti apá òkè | Ilé, kẹ́míìsì, ètò àyẹ̀wò ọjà | Ìgbànú tí kò bá apá mu. Ọkàn tó ń lù ségesège |
| Aládàáṣe ti ọrùn ọwọ́ | Ẹni tí apá rẹ̀ tóbi ju gbogbo ìgbànú tó wà lọ | Bí ọwọ́ bá ti kúrò ní ọ̀gangan ọkàn, nọ́ńbà ti ṣìnà |
| Olójú aago, tí a ń fi etí gbọ́ | Ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n lò | Ọfà rẹ̀ máa ń yẹ̀ bí ó bá ti jábọ́. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó péye yẹ̀ ẹ́ wò |

Fún ilé, ti apá òkè ni kí ẹ rà. Ti ọrùn ọwọ́ rọrùn láti gbé, òun ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń rà ránṣẹ́ sí ìyá wọn, àmọ́ ìyá yóò gbé ọwọ́ lé itan, nọ́ńbà yóò ga, gbogbo ilé yóò sì dààmú lásán. Olójú aago kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń fi wọn ara rẹ̀ nìkan. Ẹ̀rọ oní-mákúrì àtijọ́ ń kógbá sílé nítorí àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní 2013, ẹ má wá a kiri.

Kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ béèrè ìwọ̀n ìgbànú, ìyẹn aṣọ tí wọ́n ń dì mọ́ apá. Ẹ mú téèpù aránṣọ, ẹ wọn yíká apá ní àárín méjì èjìká àti ìgúnpá. Ìgbànú tó máa ń bá ẹ̀rọ wá nínú páálí sábà máa ń wà fún sẹ̀ǹtímítà 22 sí 32. Bí apá bá lé ní 32, ìgbànú ńlá lẹ nílò, èyí tó wà fún 32 sí 42. Ibí yìí ni àṣìṣe tó ń náni lówó jù wà. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà tó jáde ní 2023 fi ìgbànú aláàárín wọn àwọn tó nílò èyí tó tóbi jù lọ: nọ́ńbà òkè wọn, ìyẹn èyí tó ṣáájú nínú 140/90, fi 19.5 ga ju bó ṣe rí gan-an lọ. Àwọn tó nílò ìgbànú ńlá lásán, 4.8 ló fi ga. Àwọn tí apá wọn tín-ín-rín rí òdì kejì rẹ̀, nọ́ńbà wọn fi 3.6 wálẹ̀. Ìyá olókòwò tó sanra, tó ń gba 158 lórí ìgbànú kékeré ní kẹ́míìsì, lè má ní ẹ̀jẹ̀ ríru rárá. Wọn yóò sì ti fún un ní oògùn.

Ohun kejì ni bóyá wọ́n ti dán ẹ̀rọ náà wò lára ènìyàn. Orúkọ ilé iṣẹ́ kò tó, nítorí ilé iṣẹ́ kan náà a máa ṣe ẹ̀rọ tó yege àti èyí tí ẹnikẹ́ni kò dán wò. Nọ́ńbà ẹ̀yà rẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ ni kí ẹ fi wá a lórí ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì STRIDE BP, tó to àwọn ẹ̀rọ tó yege jọ, ọ̀fẹ́ ni. Bí nọ́ńbà ẹ̀yà kò bá sí lára ẹ̀rọ, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Lẹ́yìn rírà ni lílò. Ẹ tọ̀ kí ẹ tó jókòó, nítorí àpòòtọ̀ tó kún lè fi nǹkan bí 10 kún nọ́ńbà òkè. Kí ó ti tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ẹ mu kọfí, tí ẹ mu sìgá tàbí tí ẹ ṣiṣẹ́ agbára. Ẹ fi ẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ẹ má gbé ọ̀kan lé èkejì. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Abẹ́òkúta kún fún òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn ún dé, tí wọ́n fa apá rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, làálàá òkè tó gùn ni wọ́n wọ̀n. Ẹ gbé apá lé tábìlì kí ìgbànú wà ní ọ̀gangan ọkàn. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2024 rí i pé apá tí a gbé lé itan ń fi 3.9 kún nọ́ńbà òkè, èyí tí a jẹ́ kó rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ń fi 6.5 kún un. Ẹ má di ìgbànú lé aṣọ nípọn. Ọwọ́ bùbá tí ẹ ká sókè títí tó fi fún apá náà kò dára. Ẹ kúkú yọ apá jáde nínú rẹ̀. Ẹ má sọ̀rọ̀, kí ẹni tó ń wọ̀n yín náà má sì bi yín ní nǹkan. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú kan láàárín, ẹ mú ìdajì àpapọ̀ wọn.

Nígbà àkọ́kọ́, ẹ wọn apá méjèèjì. Apá tó ga jù ni ẹ ó máa lò láti ọjọ́ náà lọ. Bí ìyàtọ̀ bá ń ju 15 lọ lemọ́lemọ́, ẹ sọ fún dókítà.

Nọ́ńbà ilé àti nọ́ńbà ilé ìwòsàn

Nọ́ńbà kan náà kò túmọ̀ sí ohun kan náà níbi gbogbo. Ní ilé ìwòsàn, 140/90 sókè ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní ilé, 135/85. Lórí ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ ara fún wákàtí 24, 130/80 ni àròpín rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń ka íntánẹ́ẹ̀tì máa ń bá 130/80 pàdé, ọkàn wọn a sì pòrúurùu: ìlànà Amẹ́ríkà ti 2017 nìyẹn, ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò láti bẹ̀rẹ̀ oògùn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ni 140/90.

Ilé ìwòsàn lágbára ní ti pé ẹni tó kọ́ṣẹ́ ló ń wọ̀n ọ́n. Ó kùnà ní ti pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni, ẹ̀rù dókítà sì lè gbé nọ́ńbà sókè. Ilé ní ọjọ́ púpọ̀. Ó tún ń mú àwọn tí tiwọn rí lódì: nọ́ńbà wọn balẹ̀ lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ó ń ga nílé. Àwọn wọ̀nyí ló léwu jù, nítorí wọ́n ti sọ fún wọn pé kò sí nǹkan.

Bí ẹ bá fẹ́ kí nọ́ńbà ilé wúlò fún dókítà, ọjọ́ méje ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀ kí ẹ tó lo oògùn, ẹ̀ẹ̀mejì nírọ̀lẹ́. Ẹ yọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kúrò, ẹ ro ìyókù pọ̀, ẹ pín in. Gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kì í ṣe èyí tó wù yín. Ẹ gbé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ dání lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n fi tiwọn wé e.

Ẹ̀rọ wákàtí 24 wọ́n ju ìwọ̀nyí lọ, kì í sì jẹ́ kí àwọn mìíràn sùn dáadáa. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìgbà tí ilé àti ilé ìwòsàn bá ń ta kora, tàbí tí dókítà bá ń fura sí ti òru.

Àtẹ ewu: èyí tí a fi lábù ṣe àti èyí tí kò nílò lábù

Àtẹ ewu ni ìwé aláwọ̀ tó ń sọ iye ewu tí ènìyàn ní láti ní àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá. Èyí tó bá wa mu ni ti Àjọ Ìlera Àgbáyé tó jáde ní 2019. Wọ́n pín ayé sí agbègbè 21, Nàìjíríà sì wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Oríṣi méjì ni.

Àkọ́kọ́ nílò lábù: ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, sìgá, nọ́ńbà òkè ìfúnpá, àtọ̀gbẹ, àti kọlẹ́sítérọ́ọ̀lù. Ìkejì kò nílò ẹ̀jẹ̀ rárá: ó yọ àtọ̀gbẹ àti kọlẹ́sítérọ́ọ̀lù kúrò, ó fi ìwọ̀n ara sí kíló àti gíga rọ́pò wọn. Ẹni tó wọn kílò 82, tó ga mítà 1.65: ẹ sọ 1.65 di púpọ̀ ní ọ̀nà 1.65, ó jẹ́ 2.72, ẹ fi pín 82, ó jẹ́ nǹkan bí 30. Ẹ wá ọjọ́ orí rẹ̀ nínú àtẹ, ẹ wá ẹsẹẹsẹ ìfúnpá, ẹ wá òpó tí 30 bọ́ sí, àpótí tí wọ́n ti pàdé ni ewu rẹ̀. Àwọ̀ ewé kò tó 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyeyè, 5 sí 10. Ọsàn, 10 sí 20. Pupa, 20 sí 30. Pupa dúdú, 30 sókè.

Èwo ni kí ẹ yàn? Fún ètò àyẹ̀wò lọ́jà Kútọ̀ tàbí ní ìlé Ọlọ́run, èyí tí kò nílò lábù tó. Tábìlì, ẹ̀rọ ìfúnpá, òṣùwọ̀n àti téèpù ló ń fẹ́. Àmọ́ ó ní ihò kan tó fẹ̀: kò ka àtọ̀gbẹ, nítorí náà ó ń fojú kéré ewu ẹni tó ní in. Ẹni tí ẹ bá ti mọ̀ pé ó ní àtọ̀gbẹ, ẹ má fi àtẹ yìí tù ú nínú. Ti lábù ni kí wọ́n lò fún un. Ohun tí wọ́n sì ń gbàgbé ní lábù ni pé àtẹ náà ń ka kọlẹ́sítérọ́ọ̀lù ní mímólì, nígbà tí ọ̀pọ̀ lábù wa ń kọ milígíráàmù. Ẹ fi 38.67 pín in: 200 di 5.2.

Ewu mìíràn tún wà. Àtẹ àtijọ́ ti 2007 ṣì wà lára ògiri àwọn ilé ìwòsàn kan. Àwọ̀ kan náà ló ní, àmọ́ níbẹ̀ àwọ̀ ewé túmọ̀ sí ìsàlẹ̀ 10, kì í ṣe 5. Ẹni tó wà ní àwọ̀ ewé nínú ti àtijọ́ lè bọ́ sí ìyeyè nínú ti tuntun láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà lára rẹ̀. Ẹ wo ọdún tó wà nísàlẹ̀ ìwé kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Ti òkèèrè ńkọ́? Framingham, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ ní ìlú kékeré kan ní Massachusetts ní 1948, ni bàbá gbogbo wọn, ara àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n sì ti kó ọ̀pọ̀ rẹ̀. PREVENT ti Amẹ́ríkà tó jáde ní 2023 bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó fi iṣẹ́ kíndìnrín kún un, ó sì yọ ìran ènìyàn kúrò nínú ìṣírò. QRISK3 ti Gẹ̀ẹ́sì ní àyè fún aláwọ̀ dúdú ọmọ Áfíríkà, àmọ́ àwọn tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ló kà, tí oúnjẹ àti ìtọ́jú wọn yàtọ̀ sí tiwa. Bí ẹ bá ti rí wọn lórí fóònù, ẹ lè ṣe wọ́n fún ìmọ̀, àmọ́ kí ẹ má fi wọ́n pinnu oògùn ní Abẹ́òkúta.

Gbogbo àtẹ wọ̀nyí kò wà fún ẹni tó ti ní rọpárọsẹ̀ tàbí àrùn ọkàn rí. Ewu tirẹ̀ ti ga, kò sí ìṣírò tó kù. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ bá sì dúró lókè 140/90 lẹ́yìn tí wọ́n wọ̀n ọ́n dáadáa, kò yẹ kí àwọ̀ ewé dá oògùn rẹ̀ dúró. Ibi tí àtẹ ti wúlò gan-an ni láàárín 130 sí 139, àti nínú ìpinnu lórí oògùn tó ń dín ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ kù. Ti Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ láti ogójì ọdún. Fún ẹni tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀, ẹ padà sí ìfúnpá fúnra rẹ̀. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru nínú oyún ní ewu tí kò sí àpótí fún nínú àtẹ yìí. Kí ó máa wọn ìfúnpá rẹ̀ lọ́dọọdún, bí ara rẹ̀ tiẹ̀ le.

Ṣúgà: orí ìka, òwúrọ̀ láìjẹun, tàbí HbA1c

Ti orí ìka yá, kò wọ́n, òun sì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti jẹun, tí ó ń tọ̀ léraléra tí òùngbẹ ń gbẹ, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì tó 200 milígíráàmù sókè, àtọ̀gbẹ ni. Bí kò bá sí àmì kankan, ẹ lọ ṣe ti òwúrọ̀ láìjẹun ní lábù: 126 sókè, lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọsàn tàbí mángòrò yóò gbé nọ́ńbà sókè láìṣẹ̀. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ, ẹ má gbára lé sípírìtì nìkan. Ṣítíríìpù tí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ sínú ooru náà máa ń bàjẹ́.

HbA1c, àyẹ̀wò tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn hàn, kò nílò ebi, 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún sókè ni àmì rẹ̀. Òun ló wọ́n jù, òun sì ni a kò fi bẹ́ẹ̀ gbóríyìn fún níbí gẹ́gẹ́ bí àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Ó gbára lé bí ẹ̀jẹ̀ pupa ṣe pẹ́ sí nínú ara. Ẹni tó ní SS, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, nọ́ńbà rẹ̀ kò ṣeé gbà gbọ́. AS lásán náà ń yẹ̀ ẹ́: ìwádìí kan láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2017, rí i pé HbA1c àwọn tó ní AS fi nǹkan bí 0.3 kéré sí ti àwọn tí kò ní in, nígbà tí ṣúgà wọn dọ́gba. Nílùú tí AS ti pọ̀ tó báyìí, ẹ sọ irú ẹ̀jẹ̀ yín fún lábù kí ẹ tó sanwó.

Ìtọ̀, kọlẹ́sítérọ́ọ̀lù, ECG, ẹ́kò

Àyẹ̀wò purotéènì inú ìtọ̀ ni wọ́n ń fojú pa rẹ́ jù. Kò wọ́n, ó sì ń sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru ti dé kíndìnrín. Bí owó bá ku díẹ̀ lẹ́yìn ìfúnpá àti ṣúgà, ibẹ̀ ni kó lọ.

Kọlẹ́sítérọ́ọ̀lù kò pọn dandan láti gbààwẹ̀ fún mọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí ọkàn ti pa ẹbí rẹ̀ ní kékeré, kí ó ṣe é. Ẹlòmíràn lè fi í sẹ́yìn.

ECG fún ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tí ewu rẹ̀ sì kéré, àjọ olùgbani-nímọ̀ràn ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà ti dá a lẹ́bi ní 2018. Níbí, ìdí mìíràn tún wà láti ṣọ́ra: ìlànà tí wọ́n fi ń sọ lórí ECG pé ọkàn ti nípọn máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà tí ọkàn wọn dára. Ẹ̀rọ a kọ ọ́ sórí ìwé, ènìyàn a gbé ìwé náà kiri láti ilé ìwòsàn dé ilé ìwòsàn. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ti ga ni ECG wúlò fún. Ẹ́kò, ìyẹn àwòrán ọkàn, ló ń fi ojú rí bí ọkàn ṣe nípọn gan-an àti bó ṣe ń fún ẹ̀jẹ̀ jáde. Ẹsẹ̀ wíwú, èémí tí kò tó lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹ ti ń gùn wọ́ọ́rọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, àìlèsùn ní ìdùbúlẹ̀, ìwọ̀nyí ló yẹ kó gbé yín lọ síbẹ̀.

Nígbà tó bá di pàjáwìrì

Níbí, kì í ṣe ewu ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ń wò mọ́. Àtẹ ewu kò ní iṣẹ́ kankan ní ẹ̀ka pàjáwìrì, dókítà tó bá fi í sọ pé àyà tó ń ro kì í ṣe ọkàn ti ṣìnà.

Àyà tó ń fúnni mọ́lẹ̀, tó ń lọ sí apá, ọrùn tàbí àgbọ̀n, tó ń mú òógùn tútù jáde, kí wọ́n ṣe ECG rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó wọlé. Ẹ lè béèrè fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bí ìrora bá ṣì wà, kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 sí 30. Oògùn ọgbẹ́ inú tó tu àyà lára kò fi hàn pé kì í ṣe ọkàn. Obìnrin, àgbàlagbà àti alátọ̀gbẹ lè má ní ìrora rárá, àárẹ̀ àti èémí tí kò tó nìkan ni wọn yóò ní. Áspírìn 300, ìyẹn oní-75 mẹ́rin, ni wọ́n ń jẹ lẹ́nu, bí ara ẹni náà kò bá kọ̀ ọ́ tí inú rẹ̀ kò sì ń ṣẹ̀jẹ̀.

Lẹ́yìn ECG, ìlànà méjì ni dókítà sábà máa ń fi ṣèpinnu. TIMI, tó jáde ní 2000, ní àmì méje. Ara àwọn tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òpó ọkàn wọn ní wàhálà ni wọ́n ti kó o jọ, kò rọrùn láti fi mọ ẹni tó lè padà sílé. HEART, tí àwọn dókítà ní Netherlands gbé jáde ní 2008, fún ẹ̀ka pàjáwìrì gan-an ni: bí ìrora ṣe rí, ECG, ọjọ́ orí, ohun tó ń fa ewu, àti trópónínì (èròjà tí ọkàn tó fara pa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀), ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 2. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára ẹni 2,440 ní ilé ìwòsàn mẹ́wàá, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2013, àwọn tó gba 0 sí 3 tí nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀ sí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jẹ́ 1.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó gba 7 sí 10, 50.1. HEART ni a ó yàn. Kí dókítà rántí pé ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú lè ní ECG tó jọ ti ọkàn tó ń kú nígbà tó jẹ́ pé bí tirẹ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn. ECG àtijọ́ rẹ̀, bí ó bá wà, iyebíye ni. Ẹ tọ́jú tiyín pamọ́.

Trópónínì ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì? Ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ń gba wákàtí díẹ̀ kó tó jáde sínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ẹni tó tètè dé lè rí nọ́ńbà tó dára tí ọkàn sì ń kú lọ. Bí lábù bá ń lo èyí tó wọ́pọ̀, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́yìn àkọ́kọ́ ni kí wọ́n tún un ṣe. Ohun tó ga náà kì í ṣe òpó dídí nígbà gbogbo: kíndìnrín tó bàjẹ́ àti ọkàn tó ti rẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru lè gbé e sókè, wọ́n sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí nọ́ńbà kejì ṣe yàtọ̀ sí àkọ́kọ́ ló ń sọ òótọ́.

Rọpárọsẹ̀ kò dà bí àyà ríro. Ẹnu tó wọ́, apá tó rọ, ọ̀rọ̀ tó dàrú lójijì: ẹ kọ aago tí wọ́n rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ le sílẹ̀, nítorí oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì kò ju wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ lọ láti ìgbà náà. Ẹ má fún un ní áspírìn, ẹ má fún un ní omi. Àwòrán orí, irú bíi CT, nìkan ló ń sọ bóyá òpó dí tàbí ó bẹ́, oògùn ọ̀kan lè pa ẹni tó ní èkejì. Ẹ ti bèèrè sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ burúkú, ní ilé ìwòsàn tí ẹ máa ń lọ, bóyá CT wọn ń ṣiṣẹ́ lóru. Bí kò bá sí, ẹ má fi wákàtí méjì ṣòfò níbẹ̀ nítorí pé ó sún mọ́ ilé.

Ìfúnpá 190/115 láìsí àmì kankan ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe pàjáwìrì bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Kí ẹ jókòó jẹ́ẹ́, kí wọ́n tún un wọ̀n, kí dókítà bẹ̀rẹ̀ oògùn tàbí tún un ṣe, kí ó sì rí yín láàárín ọjọ́ díẹ̀. Pàjáwìrì ni bí àyà bá ń ro, bí èémí kò bá tó, bí ojú bá ṣú, bí ìyè bá ń sọnù tàbí tí ara kan rọ. Kí wọ́n tilẹ̀ má sáré já a wálẹ̀: lọ́pọ̀ rẹ̀, ìdá mẹ́rin kan ni wákàtí àkọ́kọ́ gbà. Nifẹ́dípínì tí wọ́n ń fún sábẹ́ ahọ́n, tí àwọn kẹ́míìsì kan ṣì ń ṣe, lè mú ìfúnpá já lulẹ̀ débi pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ọpọlọ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fún yín, ẹ kọ̀ ọ́.

Ètò ọ̀fẹ́ ọlọ́jọ́ kan tàbí ìlera alábọ́ọ́dé?

Ètò ọlọ́jọ́ kan ní mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ọjà Ìtokú ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í lọ sí ilé ìwòsàn. Ó kùnà nítorí kì í padà wá. Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Kánò ni ìjọba àpapọ̀ àti Àjọ Ìlera Àgbáyé fi bẹ̀rẹ̀ ètò ìkápá ẹ̀jẹ̀ ríru ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní 2020, wọ́n sì ń tẹ̀lé ìlànà oògùn kan ṣoṣo tí nọ́ọ̀sì lè lò. Ẹ mú alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín, bó jẹ́ pé ibi tí ẹ ó ti máa gba oògùn lẹ ń wá. Ẹ lo ètò ọ̀fẹ́ bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ nìkan, àmọ́ ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n wọ̀n yín níbẹ̀ kò tó láti jẹ oògùn títí ayé.

Ẹ̀yin tó ń ṣètò, ẹ pèsè ìgbànú ńlá kan fún ẹ̀rọ mẹ́ta, báàtìrì àpamọ́, àga elẹ́yìn mẹ́fà fún àwọn tó ń sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ilé ìtọ̀ tó sún mọ́ ibẹ̀. Kí ẹnì kan wà tí kò ṣe nǹkan mìíràn ju kí ó kọ orúkọ alábọ́ọ́dé àti ọjọ́ tí wọ́n ó padà lọ sí ẹ̀yìn káàdì, fún gbogbo ẹni tó bá ti kọjá 140/90.